Ramana Maharshi: Ọmọ ọdún 16 tó sá lọ bá òkè Arunachala, tí kò sì padà sílé mọ́ títí tó fi kú

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1896, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 mú rúpì mẹ́ta nínú rúpì márùn-ún tó yẹ kó fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́. Ó fi méjì tó kù sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé kan, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìlú Madurai, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà, ló ti kúrò. Òkè kan tí wọ́n ń pè ní Arunachala, ní ìlú Tiruvannamalai, ló ń lọ. Kò dé ibẹ̀ rí, kò sì mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án tó ti débẹ̀, kò kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi jáde láyé lọ́dún 1950.

Ramana Maharshi ni ayé padà mọ ọmọ náà sí, ó sì di ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní ọ̀rúndún tó kọjá.

Ohun kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tó dà bí ẹni pé kò bára mu. Ohun tó ń kọ́ àwọn èèyàn ni pé Ọlọ́run kò sí níbì kankan tí èèyàn ní láti rìnrìn àjò lọ, àti pé ohun tí èèyàn ń wá kiri, òun fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó ń sọ báyìí náà ló wá di òkè kan ṣoṣo mú, tó ń kọrin ìfẹ́ fún un, tó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn yí i ká.

Ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù

Venkataraman ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1879 ni wọ́n bí i ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Tiruchuli. Bàbá rẹ̀, Sundaram Iyer, máa ń bá àwọn èèyàn rojọ́ ní kóòtù. Alagammal ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìdílé Brahmin ni wọ́n, ìyẹn àwọn ìran tí iṣẹ́ àlùfáà jẹ́ tiwọn nínú ẹ̀sìn Híńdù. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, òun sì ni ìkejì.

Ọmọ ọdún 12 péré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Nagaswami, ṣe di ará ilé àbúrò bàbá wọn ní Madurai nìyẹn, tó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà níbẹ̀.

Ẹni tó bá rí i nígbà yẹn kò ní rò ó láé pé ẹni mímọ́ ló ń dàgbà bọ̀. Bọ́ọ̀lù, ìjàkadì àti ìlúwẹ̀ẹ́ ló fẹ́ràn. Ìwé kò jẹ ẹ́ lógún. Oorun rẹ̀ sì le kọjá àlà: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń bínú sí i, tí wọn kò sì tó o bá jà lójú mọmọ, máa ń dúró dìgbà tó bá sùn. Wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á lù ú bó ṣe wù wọ́n, wọ́n á tún gbé e padà sórí ibùsùn. Tílẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí nǹkan kan.

Lọ́dún 1895, àgbàlagbà kan tó jẹ́ ìbátan wọn dé sílé. Ọmọ náà béèrè ibi tí bàbá ti ń bọ̀, bàbá sì dá a lóhùn pé Arunachala ni. Láti kékeré ni Venkataraman ti ń gbọ́ orúkọ yẹn lọ́kàn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé ibì kan lọ́run ni. Ìgbà tí bàbá yẹn ṣàlàyé fún un pé Tiruvannamalai náà ni, pé èèyàn lè dé ibẹ̀ láyé yìí, ẹnu yà á.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ìwé Periya Puranam bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìtàn àwọn ẹni mímọ́ 63 tí àwọn Tamil ń bọlá fún ló wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́, ìyẹn nìkan ni ìwé ẹ̀sìn tí ọmọ náà fi tọkàntọkàn kà.

Ọjọ́ tó dùbúlẹ̀ bí òkú

Oṣù Keje ọdún 1896 ni nǹkan yí padà. Ó jókòó lóun nìkan nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé àbúrò bàbá rẹ̀. Ara rẹ̀ le, kò sí ibà, kò sí ẹ̀fọ́rí. Lójijì ni ẹ̀rù bà á pé òun ti fẹ́ kú.

Ọmọ mìíràn ì bá ti fi igbe ta. Ohun tí ọmọ yìí ṣe ni pé ó dùbúlẹ̀, ó na ọwọ́ na ẹsẹ̀ gbọnrangandan bí òkú, ó pa ẹnu dé, ó sì sé èémí. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè nínú lọ́hùn-ún. Bí ara yìí bá kú, tí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sun òkú, ṣé òun náà kú nìyẹn? Ta wá ni ẹni tó ń wo ara tó nà sílẹ̀ yìí?

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn èèyàn nígbà tó dàgbà, kì í ṣe pé ó jókòó ro ó lẹ́sẹẹsẹ. Ó kàn hàn sí i kedere pé ohun tí òun ń pè ní èmi kì í ṣe ara, kò sì ní bá ara kú. Ẹ̀rù ikú fò lọ lọ́jọ́ náà, kò sì padà wá mọ́.

Kinní kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni Venkataraman máa ń tẹ̀ lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí tẹ́ḿpìlì Meenakshi, tẹ́ḿpìlì ńlá tí Madurai fi lókìkí. Lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń wà níbẹ̀. Á dúró níwájú àwọn ère tipẹ́tipẹ́, omijé á sì máa dà lójú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò sí ààlà láàárín òun àti Ọlọ́run ló wá ń sáré lọ sí ilé Ọlọ́run.

Rúpì mẹ́ta àti yẹtí wúrà

Ìwé kíkà bá tibẹ̀ bàjẹ́ pátápátá. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ pé kó da ẹ̀kọ́ gírámà Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kọ ọ́ dé ẹ̀ẹ̀kejì, ó ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ojú, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wò ó láti ìgbà tó ti pẹ́ kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i pé kí ni ilé àti ilé ìwé wúlò fún fún irú ẹni tó bá ń ṣe báyìí.

Ẹ̀gbọ́n fi bú u ni, àbúrò gbà á bí òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó dìde, ó ní òun ní kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó mú rúpì márùn-ún nínú àpótí, kó bá òun fi san owó ilé ẹ̀kọ́ òun bó bá ń kọjá lọ. Ibẹ̀ ni owó ọkọ̀ ti wá.

Nínú ìwé tó fi sílẹ̀, ó ní òun ń lọ wá bàbá òun, nítorí ó ti pe òun. Ó ní kí wọ́n má banú jẹ́, kí wọ́n má náwó láti wá òun kiri. Ó tún ṣàlàyé pé owó ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n òun kò tíì di sísan, àti pé rúpì méjì rèé. Àwọn tó rí ìwé náà kíyè sí i pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní èmi. Nígbà tó máa fi dé àárín, ó ti ń pe ara rẹ̀ ní èyí. Nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kó kọ orúkọ sí, ìlà lásán ló fà.

Máàpù àtijọ́ ló fi wo ọ̀nà, kò sì mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Tiruvannamalai gan-an. Tíkẹ́ẹ̀tì Tindivanam ló rà. Àlùfáà Mùsùlùmí arúgbó kan tó ní irùngbọ̀n funfun ló là á lójú nínú ọkọ̀ pé Villupuram ló yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀ láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tó débẹ̀, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó fi èyí tó kù wọkọ̀ dé ibi tí owó rẹ̀ gbé e dé, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a kú nígbà tó dé abúlé Kilur. Ọjọ́ ọdún ìbí Krishna ni. Ìdílé kan níbẹ̀ fún un lóúnjẹ, wọ́n sì tún di àkàrà dídùn fún un. Ó bọ́ yẹtí wúrà tó wà létí rẹ̀ fún baálé ilé náà bí ìdógò, wọ́n sì yá a ní rúpì mẹ́rin. Bó ṣe jáde, ó fa ìwé tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí ya. Kò ní in lọ́kàn láti padà wá gba yẹtí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ó wọ tẹ́ḿpìlì Arunachaleswara lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fá orí, ó ju owó tó kù àti àkàrà náà sínú omi, ó já fọ́nrán òwú mímọ́ tí àwọn Brahmin ń gbé kọ́ èjìká dànù, ó sì fa aṣọ rẹ̀ ya, ó fi ṣe bàǹtẹ́. Bàǹtẹ́ yẹn ni irú aṣọ tó wọ̀ títí tó fi kú.

Kí ló wà lára òkè yìí?

Ká sọ tòótọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Arunachala lè béèrè pé ṣé èyí náà nìyí. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí 800 mítà lọ, àpáta àti igbó kéékèèké ló sì bò ó. Ní èdè wọn, pípupa bí ojú ọ̀run ìdájí ni Aruna. Ohun tí kì í ṣípò ni achala.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé Brahma àti Vishnu ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì. Shiva bá yọ sí wọn bí òpó iná tí kò ní ìdí, tí kò ní orí. Vishnu di ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ó ń walẹ̀ lọ láti wá ìdí òpó. Brahma di ẹyẹ, ó ń fò lọ láti wá orí rẹ̀. Vishnu padà wá jẹ́wọ́ pé òun kò rí i. Brahma purọ́ pé òun rí i. Nígbà tó yá, Shiva gbà láti dín ìmọ́lẹ̀ náà kù kí ojú ẹ̀dá lè wò ó, ó sì di òkè.

Nítorí ìdí èyí, lójú àwọn tó ń sin Shiva, òkè yẹn kì í ṣe ilé Shiva. Kì í sì í ṣe ère rẹ̀. Shiva fúnra rẹ̀ ló dúró síbẹ̀. Lọ́dọọdún, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejìlá, wọ́n máa ń fi bọ́tà yíyọ́ dá iná ńlá sí ṣóńṣó orí rẹ̀, èyí tí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn ń rí. Wọ́n tún gbà pé ìlú kan wà tí ẹni tí wọ́n bá bí síbẹ̀ yóò rí ìgbàlà, ìlú kan wà tí ẹni tó bá fojú rí i yóò rí i, Kashi sì wà fún ẹni tó bá kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti Arunachala, kéèyàn ṣáà ti rántí rẹ̀ lọ́kàn, ó ti tó.

Ibí yìí ni ìbéèrè ti jáde. Nínú ẹ̀sìn Híńdù, ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Advaita. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí méjì. Shankara, ọ̀mọ̀wé kan tó gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ, ló ṣàlàyé rẹ̀ jù. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló wà lóòótọ́, ohun náà sì ni ẹ̀mí tó wà nínú olúkúlùkù. Bí a ṣe ń rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yìí, ó dà bí ìgbà téèyàn rí okùn nínú òkùnkùn, tó pè é ní ejò.

Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ni èèyàn ń lọ wẹ̀ sí nínú odò Ganga? Ta ló ń rìn, ta ló sì ń rìn lọ bá? Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ìtàn sọ pé Shankara alára rin Íńdíà já, ó sì dá ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ sílẹ̀ sí igun mẹ́rin ilẹ̀ náà, ní Sringeri, Dwarka, Puri àti Jyotirmath. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fọ̀ ni pé àkàbà ni ibi mímọ́. Ẹni tí kò tíì gun òkè ló nílò rẹ̀. Tó bá ti gùn ún tán, kó fi sílẹ̀.

Ìdáhùn yẹn rọrùn, ó sì mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ ìgbé ayé Ramana kò bá a mu. Ó ti rí ohun tó rí ní Madurai kó tó gbéra. Tó bá jẹ́ àkàbà ni òkè, ẹni tó ti wà lókè ni kò yẹ kó tún wá àkàbà lọ.

Ìyá tó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé

Ìgbà tó kọ́kọ́ dé, inú tẹ́ḿpìlì ló ń gbé. Àwọn ọmọdé ń sọ ọ́ lókùúta, ló bá lọ wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Patala Lingam. Ó jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn láìmira, kòkòrò ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ títí ó fi di egbò, kò mọ̀. Àwọn èèyàn ló lọ gbé e jáde. Àpá egbò náà kò kúrò lára rẹ̀ títí ayé. Kì í sọ̀rọ̀. Tí wọn kò bá fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, kì í jẹun.

Ìròyìn dé etí àwọn ará ilé. Nígbà tí ọdún 1898 ń parí lọ, Alagammal dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àgbà. Ó bá ọmọ rẹ̀ lórí àpáta, irun rẹ̀ ti lọ́, èékánná rẹ̀ ti gùn, ara rẹ̀ kún fún ìdọ̀tí. Ọjọ́ púpọ̀ ni ìyá fi ń bẹ̀ ẹ́. Ó ń gbé oúnjẹ wá, ó ń sunkún, ó ń bínú. Ọmọ kò fọhùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló bá ìyá bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé bí àyànmọ́ kálukú bá ṣe rí ló máa rí, ohun tí kò bá ní ṣẹlẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀, ohun tó bá sì máa ṣẹlẹ̀ kò sí ẹni tó lè dá a dúró, nítorí náà ó sàn kéèyàn dákẹ́. Ìyá padà lọ sílé láìrí i mú dání.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, obìnrin yìí ni àánú rẹ̀ máa ń ṣeni jù. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Lọ́dún 1900, ọmọ rẹ̀ àgbà, ìyẹn Nagaswami tó sọ̀rọ̀ sí àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́sí, kú pẹ̀lú.

Ramana gun òkè lọ ní ọdún 1899, ó sì ń gbé inú ihò àpáta Virupaksha. Díẹ̀díẹ̀ làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a pẹ̀lú ìbéèrè. Láàárín ọdún 1901 sí 1902, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Sivaprakasam Pillai, bi í léèrè bí èèyàn ṣe lè mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Kì í tíì sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, torí náà ó ń kọ ìdáhùn sórí ilẹ̀ àti sórí síléètì. Ìdáhùn wọ̀nyẹn ló padà di ìwé kékeré Nan Yar, èyí tó túmọ̀ sí Ta ni èmi. Kókó rẹ̀ ni pé kí èèyàn máa tọpa èrò náà, èmi, lọ sí ibi tó ti ń jáde. Lọ́dún 1907, ọ̀mọ̀wé Sanskrit kan, Ganapati Muni, ló sọ ọ́ ní Ramana Maharshi.

Lọ́dún 1914 ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ kì í fò dá. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Tirupati, níbi tó lọ jọ́sìn ní ojúbọ òòṣà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ náà ní Venkataraman. Ó yà kí ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àìsàn tó jọ ibà táífọ́ọ̀dù ti gbé e ṣánlẹ̀, ó sì pẹ́ lórí àìsàn náà.

Ọmọ tó kọ̀wé lọ́dún 1898 pé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kò ṣeé dá dúró, òun náà ló wá jókòó ti ìyá rẹ̀, tó kọ ẹsẹ orin mẹ́rin tó fi bẹ òkè Arunachala pé kó bá òun wo ìyá òun sàn. Kò tún sí àkọsílẹ̀ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Ìyá náà gbádùn. Lọ́dún 1916, ó kó wá pátápátá, ó sì ń gbọ́únjẹ fún ọmọ rẹ̀ àtàwọn tó yí i ká. Àbúrò Ramana ọkùnrin náà tẹ̀ lé e wá.

Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1922 ni Alagammal kú. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ náà, Ramana kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kan lé e láyà, ó gbé èkejì lé e lórí, títí tí ẹ̀mí fi bọ́. Wọn kò sun òkú rẹ̀. Wọ́n sin ín sí ìsàlẹ̀ òkè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sin ẹni mímọ́. Ramana kọ́kọ́ máa ń ti orí òkè sọ̀ wá sí ojú oórì náà. Kí ọdún yẹn tó parí, ó wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò padà gòkè lọ mọ́. Ahéré tí wọ́n pa sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá rẹ̀ ló di Sri Ramanasramam, ibi tí àwọn èèyàn ń rọ́ wá láti gbogbo ayé. Ìyá tó wá mú ọmọ rẹ̀ kúrò níbi mímọ́ ló wá di ibi mímọ́ fúnra rẹ̀.

Bó ṣe ń rìn yí òkè ká

Nǹkan bí kìlómítà 14 ni ọ̀nà tó yí Arunachala po. Láti ayébáyé ni àwọn olùfọkànsìn ti ń fẹsẹ̀ rìn ín, bàtà kì í sì í wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ramana náà ń rìn ín, títí di ọdún 1926. Ìrìn rẹ̀ kì í yá. Á rìn díẹ̀, á jókòó díẹ̀, wọ́n á dáná jẹun lọ́nà, wọ́n á kọrin. Ìgbà mìíràn wà tí ilẹ̀ máa ń mọ́ bá wọn lọ́nà.

Nígbà tó ń gbé inú ihò, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń lọ tọrọ oúnjẹ kiri ìgboro, wọ́n sì fẹ́ orin tí àwọn á máa kọ. Ó kọ orin ẹsẹ 108 fún wọn, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ti Arunachala. Bí ìyàwó ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe kọ ọ́. Ó ń pọ́n ọn lé, ó ń dá a lẹ́bi, ó ń bi í pé lẹ́yìn tó ti fa òun kúrò nílé, kí ló tún fẹ́ fi òun sílẹ̀ fún. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sí olùkọ́ Advaita ka orin yìí, wọ́n ń wò ó pé ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀.

Àlàyé tirẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ó ní òkè tó wà níta àti ohun tí èèyàn ń pè ní èmi nínú lọ́hùn-ún kì í ṣe méjì. Ẹni tó ń yí òkè ká, ara rẹ̀ ló ń yí ká. Ní ojú tirẹ̀, ẹni tó bá sọ pé Ọlọ́run wà lórí òkè, kò sí nínú òun, ti pín nǹkan sí méjì. Ẹni tó bá sì sọ pé Ọlọ́run wà nínú òun nìkan, òkè jẹ́ òkúta lásán, òun náà ti pín in sí méjì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń pe ibi mímọ́ ní àkàbà.

Kì í wá fi èyí yọ gbáàtúù lẹ́nu. Aláìsàn tó wá bá a, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, kì í jókòó máa ṣàlàyé Advaita fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n lọ yí òkè ká. Nígbà tí àwọn kan ní àwọn kò gbà á gbọ́, ó ní iná kì í béèrè bóyá èèyàn gbà á gbọ́ kó tó jó o lọ́wọ́.

Ìyókù ìgbé ayé rẹ̀ kò ní ariwo. Láti ìdájí ló ti máa ń wà ní ilé ìdáná, tó ń gé ẹ̀fọ́ pẹ̀lú àwọn tó ń se oúnjẹ. Kò gbà kí wọ́n bu oúnjẹ fún òun ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀bọ, ajá, ọ̀kẹ́rẹ́ àti màlúù kan tó ń jẹ́ Lakshmi wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn olè ya wọ ibẹ̀ lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà ọdún 1924, tí wọ́n sì lù ú lẹ́sẹ̀, kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ìjà dá a padà. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Paul Brunton, dé ibẹ̀ ní 1931, ìwé tó sì kọ jáde ní 1934 ló gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun. Somerset Maugham, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, dé ní 1938. Ọdún yẹn náà ni Rajendra Prasad, tó padà di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Íńdíà, wá. Àwọn èèyàn pè é títí pé kó wá sí ìlú àwọn, kò jẹ́ gbà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin

Nígbà tí ọdún 1949 bẹ̀rẹ̀, kókó kan yọ sí i ní apá òsì. Àwọn dókítà gé e kúrò nínú oṣù Kejì, ó tún hù. Jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ọdún yẹn tó parí. Wọ́n dábàá pé kí wọ́n gé apá náà, kò gbà. Láàárín àìsàn yẹn, nínú oṣù Kẹta, ni wọ́n ṣí tẹ́ḿpìlì tí wọ́n kọ́ sórí sàréè ìyá rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó dá wọn lóhùn pé ibo ni òun fẹ́ lọ, pé ibí yìí náà ni òun wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tu ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú, torí ẹni tó ń sọ ọ́ kò kúrò lẹ́bàá òkè kan fún ohun tó lé ní ọdún 53.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1950, èrò pọ̀ níta yàrá kékeré tó dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Arunachala tó kọ fún àwọn atọrọ oúnjẹ lọ́jọ́sí. Ó la ojú díẹ̀, omijé sì yọ lójú rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú 13 kó di mẹ́sàn-án alẹ́, èémí rẹ̀ dúró wẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ pé àwọn rí ìmọ́lẹ̀ kan tó kọjá lójú ọ̀run ní àsìkò yẹn, tó forí lé ọ̀nà òkè. Ayàwòrán ará Faransé, Henri Cartier-Bresson, tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn, wà lára wọn.

Inú ọgbà náà ni wọ́n sin ín sí, láàárín gbọ̀ngán tó ti máa ń gba àlejò àti tẹ́ḿpìlì ìyá rẹ̀. Ojú ọ̀nà tó yí òkè ká ni ẹnu ọ̀nà ọgbà náà kọjú sí. Tí òṣùpá bá ti yọ kún, àwọn tó ń fẹsẹ̀ lásán yí Arunachala ká máa ń kọjá níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.